Bí Mo Ṣe Di Agbẹnusọ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Òṣogbo

Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà tí mo di agbẹnusọ fún gbogbo ọ̀dọ́ ìlú Òṣogbo. Kò sí ẹni tó dìbò fún mi. Fótókópì ni mò ń ṣe lọ́wọ́.

Mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán nígbà náà, mo sì ń wá iṣẹ́ gidi. Kí iṣẹ́ gidi tó dé, mò ń bá obìnrin kan ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Alékùwodò. A máa ń tẹ ìwé, a máa ń ṣe fótókópì, a sì máa ń bá àwọn tí kò mọ kọ̀ǹpútà lò kún fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi, tí mò ń pè ní Àǹtí, ni mò ń gbé. Àwọn òbí mi wà ní Iléṣà, níbi tí wọ́n bí mi sí, tí wọ́n sì ti tọ́ mi.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọkùnrin kan wọlé wá bá wa. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mo dá ohùn náà mọ̀ kí n tó gbójú sókè: sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ìlú. Ó fún mi ní ìwé kan pé kí n bá òun ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta. Bí mo ṣe ń ṣe é, mo rí i pé ó ń wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra àga.

"Àbúrò," ó ní, "ṣé ọ̀dọ́ ni ẹ́?"

Mo rò ó díẹ̀. "Ó yẹ kí n jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ìyẹn náà ti tó. Ní Sátidé, láago mẹ́wàá àárọ̀, wá sí ilé iṣẹ́ wa. A ní ètò kan tí a fẹ́ ṣe lórí fàájì àwọn ọ̀dọ́. Ọmọkùnrin tó yẹ kó wá ti ríṣẹ́ sí Àbújá, ó ti lọ. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ọ̀dọ́ kiri."

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ọ̀gá mi ló ti dáhùn láti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà: "Á wá! Ẹ ṣáà bá wa dárúkọ ṣọ́ọ̀bù."

Inú ìwé tí mò ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ gan-an ni àwọn ìbéèrè ètò náà wà. Ó fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún mi. Ìbéèrè mẹ́ta ni. Ojú wo ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń wo òde alẹ́? Kí ni wọ́n rí sí orin ìgboro tí àwọn ọmọ ìlú wa ń kọ lónìí? Kí ló dé tí géèmù orí tẹlifíṣọ̀n fi gbà wọ́n lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀?

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìdánwò tí mo ti fìdí rẹmi kí n tó jókòó ni. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, àwọn sì ni olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Iléṣà. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni gbogbo ilé wa ń sùn. Mi ò fojú kan aago méjìlá òru rí àfi nínú ìsìn àìsùn ọdún tuntun, oorun ló sì máa ń gbé mi lọ níbẹ̀ náà. Orin tí mo mọ̀ kò kọjá èyí tó wà nínú ìwé orin, torí èmi ni mo máa ń tẹ dùùrù tí bàbá mi bá ń darí akọrin. Ní ti géèmù, ayò ni mo mọ̀ ọ́n ta, àwọn ọmọ kékeré sì máa ń pa mí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ọ̀dọ́" yẹn ti wọ̀ mí lára. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé, kò tíì sí ẹni tó pè mí sí ipò kankan. Mo pinnu pé kí Sátidé tó dé, màá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀dọ́.

Géèmù ló sún mọ́ mi jù. Ilé géèmù kan wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹta sí tiwa, mi ò wọ ibẹ̀ rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ká aṣọ ẹnu ọ̀nà wọn sókè, mo wọlé. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀, tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin sì ń tàn lára ògiri. Mo rò pé àwọn ọmọkùnrin wẹ́wẹ́ ni màá bá níbẹ̀. Àwọn tí mo bá ti ń pá lórí. Ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ni wọ́n wọ̀, wọ́n ti ká apá rẹ̀ sókè, ọ̀kan nínú wọn sì ti yí káàdì iṣẹ́ ìjọba tó fi kọ́rùn sí ẹ̀yìn kó má bàa dí i lọ́wọ́.

Mo mọ ẹni yẹn. Oníbàárà wa ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo bá a tẹ lẹ́tà tó kọ sí ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n fún òun láyè ọ̀sẹ̀ méjì, torí pé ẹ̀yìn ń dun òun, òun kò lè jókòó pẹ́.

"Ẹ káàsán, sà," mo ní. "Ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Ó ń sàn díẹ̀díẹ̀." Kò gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, ó sì ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. "Ta nìyẹn?"

"Èmi tí mo bá yín tẹ lẹ́tà ni, sà."

Ó wò mí fìrí. "Háà! Jókòó, jókòó. Má jẹ́ kí wọ́n gbá a wọlé sí mi."

Mo jókòó. Nígbà tí wọ́n gbá a wọlé sí i tán, mo ṣàlàyé ohun tó gbé mi wá, pé mò ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí mo lè bi léèrè ọ̀rọ̀ nípa géèmù.

"Ọ̀dọ́ kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù náà bá a rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọ̀dọ́ ò ráyè ibí o. Wọ́n ń wáṣẹ́ kiri. Àwa tí a níṣẹ́ la ráyè."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ló ń ṣe. Kì í ṣe àwàdà. Èmi náà tí mo wà níwájú rẹ̀, ọ̀gá mi fún mi ní ìdajì wákàtí péré láti lọ jẹun ni, mo sì ní láti sáré padà.

Ó ki pádì géèmù bọ̀ mí lọ́wọ́ pé kí n gbá eré kan ṣoṣo kí n lè mọ ohun tí màá sọ lórí rédíò. Mẹ́sàn-án sí òdo ni wọ́n fi nà mí. Ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án náà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbá a sínú ilé mi, mo sì fò sókè, inú mi ń dùn, títí wọ́n fi ṣàlàyé fún mi.

"Má fi gbogbo ìka tẹ̀ ẹ́ papọ̀ mọ́," ọkùnrin ẹlẹ́yìn dídùn náà sọ fún mi. "Ṣé o rò pé dùùrù ni?"

Mi ò lè sọ fún un pé ohun tí mo rò gan-an nìyẹn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo pe bàbá mi lórí fóònù nítorí ìbéèrè orin. Orin kan wà tí gbogbo Òṣogbo ń kọ nígbà náà. Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa ló kọ ọ́. Ó máa ń dún láti inú ọkọ̀, láti ilé ìgẹrun, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta fóònù, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ náà yára tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi gbọ́ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí bàbá mi sọ èrò wọn lórí irú orin bẹ́ẹ̀, kí n lè fi kún tèmi tí kò sí.

"Ìbàjẹ́ ni!" bàbá mi ní. "Ìbàjẹ́ paraku. Ṣé èyí tó ní òun jí, òun ò wẹ̀, òun ti bọ́ sígboro yẹn?"

"Mi ò mọ̀ bóyá òun ni, Dádì."

"Òun ni. Tẹ́tí kí o gbọ́ bó ṣe burú tó." Bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ẹsẹ̀ kìíní, bí ọmọ náà ṣe jí tí kò wẹ̀. "Ọmọlúàbí wo ní í jáde láì wẹ̀?" Ẹsẹ̀ kejì, bí owó ṣe ń wá a kiri àdúgbò tí kò bá a nílé. "Àbí ọlọ́pàá ni owó?" Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ kẹta, wọn ò sọ ọ́ mọ́, wọ́n ti ń kọ ọ́, ohùn náà sì bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí, mo ń gbọ́ ọwọ́ wọn tó ń lu tábìlì lábẹ́lẹ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìyá mi láti inú ilé ìdáná tí wọ́n fi ohùn òkè gba ègbè: "Mi ò sí ńlé o, mi ò sí ńlé!"

Bàbá mi dá orin dúró.

"O ti gbé e ga jù," bàbá mi sọ fún ìyá mi. Wọ́n wá padà sórí fóònù. "Sọ fún wọn lórí rédíò pé àwa Kristẹni kì í gbọ́ ọ. Ẹni tó ń bá àwọn èèyàn ṣájì fóònù níwájú ilé wa ló ń fi dá wa lágara. Ìgbà mẹ́jọ ló ń lù ú lójúmọ́. Mo ti kà á."

Ó wá ku òde alẹ́. Ìyẹn ni mo bẹ̀rù jù, torí ọ̀dọ̀ Àǹtí ni mò ń gbé, Àǹtí kì í sì í ṣeré. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn méjèèjì sì wà ní yunifásítì. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n máa ń ti géètì. Ọjọ́ kan ṣoṣo lóṣù ni wọ́n ń jáde lálẹ́, ní Fúráìdé tó bá kẹ́yìn oṣù. Wọ́n á gbé báàgì Bíbélì dání, wọ́n á ní kí n ti ilẹ̀kùn dáadáa, àwọn ń lọ sí ìṣọ́. Mo máa ń bá wọn ṣe àmín kí n tó lọ sùn.

Ní Tọ́sìdé, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: rédíò, ìbéèrè mẹ́ta, àti pé mo nílò láti rí òde alẹ́ kan, ó kéré tán láti ìta.

Àǹtí mi ò pariwo. Wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì ń ṣẹ́ ẹ lọ. "Ọ̀la ni Fúráìdé tó kẹ́yìn oṣù," wọ́n ní.

"Mo mọ̀, Àǹtí. Ẹ ní ìṣọ́."

"Ìwọ náà á bá mi lọ."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí, ṣùgbọ́n mo ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ wò…"

"Iṣẹ́ yẹn náà ni mò ń sọ."

Bí a ṣe jókòó sínú ọkọ̀ wọn ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Wọ́n ṣí báàgì. Bíbélì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bàtà gogoro wà lábẹ́ rẹ̀, yẹtí tó tó ẹ̀gbà ọwọ́ wà nínú bàtà, àtíkè àti ìkunètè wà ní ẹ̀gbẹ́ kan.

"Àǹtí," mo ní, "ẹ ní ìṣọ́ òru lẹ máa ń lọ."

"Èmi kọ́. Ìṣọ́ ni mo wí." Wọ́n ń wo dígí ọkọ̀, wọ́n ń kun ètè. "O ò bi mí rí pé kí ni mò ń ṣọ́."

Òtẹ́ẹ̀lì kan létí ìlú ni a lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni fàájì wà, lábẹ́ àwọn igi, pẹ̀lú àga oníke, gílóòbù aláwọ̀ oríṣiríṣi, àti èéfín àsun. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí Àǹtí mi tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Lẹ́yìn náà ló wò mí. "Mọ́mì, ọmọdé yìí ńkọ́? Ṣé ó ti tó wọ ibí?" Àǹtí mi ní èmi wá kọ́ṣẹ́ ni.

Tábìlì kan wà níwájú tí àwọn obìnrin mẹ́rin láti iléeṣẹ́ wọn ti jókòó yí ká. Wọ́n fi àga kan sílẹ̀ láàárín. Bí wọ́n ṣe rí Àǹtí mi, gbogbo wọn dìde: "Alága dé o!" Mi ò mọ̀ pé wọ́n jẹ alága ohunkóhun. Mo wo àwọn èèyàn tó kù. Àwọn ọ̀gá ilé ìwé wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé òun ló fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò nígbà tí mo wáṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tó ní mi ò tíì ní ìrírí. Ó jó kọjá níwájú mi, ó gbé àga sórí. Mo gbà pé lóòótọ́ ni mi ò tíì ní ìrírí.

Báńdì tó ń kọrin, ẹni tó kéré jù nínú wọn yóò tó ọgọ́ta ọdún. Wọ́n ní jìtá méjì, wọ́n ní fèrè òyìnbó kan. Wọ́n kọrin àtijọ́ fún bíi wákàtí kan. Lójijì ni fèrè bẹ̀rẹ̀ ohùn kan tí mo mọ̀, ó rọra ń lọ bí ẹni tó ń gun òkè. Orin ọmọ àdúgbò wa ni! Wọ́n ti mú un rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé bàbá mi ló ń túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo àwọn ọ̀gá ilé ìwé dìde. Àǹtí mi wà ní iwájú pátápátá, ọwọ́ sókè, wọ́n ń sọ fún ìlú pé àwọn ò sí ńlé. Òótọ́ sì ni.

Kí n sọ òdodo, ó dùn. Ó dùn fún nǹkan bí wákàtí kan àtààbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, oorun tí mo ti ń sùn láago mẹ́sàn-án láti ọdún mẹ́rìnlélógún wá béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri, tí kò lè ju mí lọ, ló rọra gba ife mọ́ọ̀tì lọ́wọ́ mi kó má bàa dà sí mi láṣọ. Mo la ojú díẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì nìkan ni ọ̀dọ́ níbẹ̀. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń sùn.

Láàárọ̀ Sátidé, mo dé ilé iṣẹ́ rédíò láago mẹ́sàn-án àbọ̀. Yàrá tí wọ́n mú mi wọ̀ tutù bí inú fíríìjì. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa gbé ohùn ńlá wọ̀, ó ní: "Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀kan gbòógì nínú àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí ló wà pẹ̀lú wa." Mo bojú wẹ̀yìn kí n tó rántí pé èmi ni.

Mo sọ ohun tí mo rí. Mo ní ní ti géèmù, àwọn tí mo bá nídìí rẹ̀ jọ ẹni tó ti tó fẹ́ ìyàwó fún ọmọ. Mo ní ní ti orin, àwọn àgbà ló mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ ká fi àwọn àgbà sílẹ̀ o," ó ní. "Ìwọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́, ìgbà wo lo lọ òde alẹ́ kẹ́yìn?"

Ẹnu mi yá ju orí mi lọ. "Àná ni, sà."

Ojú rẹ̀ tàn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ti ń wá irú èsì bẹ́ẹ̀. "Àná! Ẹ gbọ́ o! Aago mélòó lo wọlé?"

"Ó ti ń lọ sí aago kan, sà."

"Aago kan òru! Ta ló mú ẹ lọ?"

Mi ò lè ṣàlàyé bí ìbéèrè yẹn ṣe gùn tó létí mi. Mo mọ̀ pé ní Iléṣà, bàbá mi ti dá ìfidánrawò akọrin dúró, wọ́n ti gbé rédíò lé orí dùùrù, gbogbo akọrin ló ń gbọ́ mi. Mo mọ̀ pé Àǹtí náà ń gbọ́ nílé. Láàárọ̀ yẹn, wọ́n ti din àkàrà fún mi, wọ́n ti bá mi to kọ́là aṣọ mi. Wọn ò bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ àwọn. Wọn ò tilẹ̀ mẹ́nu kàn án. Bí wọ́n bá bẹ̀ mí ni, bóyá ǹ bá rí ọgbọ́n mìíràn dá.

"Èmi ni mo mú ara mi lọ, sà," mo ní.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé bínú gidigidi. "Ó ń dùn mí," ó ní, "bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe ń fi ayé wọn ṣòfò nídìí géèmù. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí wọn. Ojoojúmọ́! Dípò kí wọ́n lọ…" Lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ariwo pápá bọ́ọ̀lù, mo gbọ́ ẹnì kan tó kígbe pé ó ti wọlé. "Áà! Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀," ọkùnrin náà ní, ó sì pa fóònù. Mo kí i lọ́kàn mi pé kí Ọlọ́run wo ẹ̀yìn rẹ̀ sàn.

Ẹnì kejì ni bàbá mi.

"Èmi ni bàbá ọmọ tó wà níwájú yín yẹn," wọ́n ní. Ìjẹ̀ṣà ti ń yọ lẹ́nu wọn, ohun tí mo mọ̀ sí àmì ìbínú. "Mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé a tọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n bi í léèrè: ìwọ ọmọ yìí, níbo ni Àǹtí rẹ wà tí o fi jáde?"

"Wọ́n lọ sí ìṣọ́, sà."

Irọ́ kọ́.

"Ẹ wò ó!" bàbá mi pariwo sí gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. "Obìnrin yẹn wà lórí eékún rẹ̀, ọmọ wà lójú agbo!"

Nígbà tí mo délé, Àǹtí ti se ìrẹsì. Rédíò wà lórí tábìlì, wọ́n ti pa á. Wọ́n bu oúnjẹ fún mi, wọ́n sì gbé ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò lé e lórí.

"Kò yẹ kí o ṣe bẹ́ẹ̀," wọ́n ní.

"Ṣé kí n padà lọ tún un sọ?"

"Jẹun."

Mo rí i pé wọ́n ń wo ìta láti ojú fèrèsé, wọ́n sì fi etí ìró nu ojú. Láti ọdún tí mo ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ tí a jọ máa ń sọ kò ju ti géètì àti ti ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi bí ilé ṣe rí lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú, tí àwọn ọmọ sì lọ tán: bí wọ́n ṣe máa ń tan gbogbo iná sílẹ̀, tí wọ́n sì máa ń bá tẹlifíṣọ̀n jà. Àwọn obìnrin iléeṣẹ́ wọn ló wá fà wọ́n jáde lálẹ́ Fúráìdé kan. "Mo rò pé tí mo bá sọ fún ìyá rẹ, wọ́n á sọ fún bàbá rẹ. Bàbá rẹ á gbé mi sínú àdúrà, wọ́n á sì dárúkọ mi láti orí pẹpẹ." A jẹ ìrẹsì náà tán pátá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ránṣẹ́ pè wá sí Iléṣà. Bàbá mi ti wọ agbádá, bẹ́ẹ̀ ilé wa náà ni a wà. Wọ́n bá mi wí fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n wá yíjú sí Àǹtí mi.

"Ẹ̀bi rẹ kọ́," wọ́n ní. "Ìwọ wà níbi tí o ti ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ la fi ọmọ yìí lé. Láti òní lọ, ibikíbi tí o bá ń lọ ní alẹ́ Fúráìdé, mú un dání. Má fi í sílẹ̀ nílé lóun nìkan mọ́ láé."

Àǹtí mi tẹrí ba bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù rù. "Bí ẹ ṣe wí ni màá ṣe, ẹ̀gbọ́n. Ó máa nira, ṣùgbọ́n màá gbìyànjú."

Ìyá mi wo ojú àbúrò wọn. Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ kan gbé wọn tó fi di dandan kí wọ́n sáré lọ sínú ilé ìdáná.

A sùn síbẹ̀ di ọjọ́ Ìsinmi. Wọn ò jẹ́ kí n tẹ dùùrù, wọ́n ní kí n ṣì jókòó sẹ́yìn ná. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kékeré yí mi ká lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má sún mọ́ mi, ìyẹn ló sì kó wọn wá.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàdínlógún kan bi mí, "báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

Mo sọ òótọ́ fún wọn. Mo ní àga oníke ni, àwọn bàbá àti ìyá ló pọ̀ níbẹ̀, mo sì sùn.

Wọ́n wo ara wọn. "Ẹ ò kàn fẹ́ sọ fún wa ni," ọmọ náà ní. Ó dùn ún gan-an. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fi iná díẹ̀ kún ìtàn náà, mo fi ọkọ̀ olówó ńlá mẹ́ta síta, mo fi ọmọkùnrin kan tó wọ dígí dúdú sí ẹnu ọ̀nà. Inú wọn dùn. Mo mọ̀ pé mo ti ba orúkọ ara mi jẹ́ ní Iléṣà pátápátá, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò dùn mí.

Nígbà tí à ń padà sí Òṣogbo, Àǹtí béèrè ohun tí àwọn ọmọ yẹn ń bi mí. Mo sọ fún wọn, títí kan ọmọkùnrin onídígí. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi ní láti pa ọkọ̀ tì sí ẹ̀gbẹ́ títì, lẹ́bàá obìnrin kan tó ń sun àgbàdo. Níwọ̀n ìgbà tí a ti dúró, a ra mẹ́rin. Ó ṣì gbóná, a sì jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀, fèrèsé ní ṣíṣí, títí a fi wọ ìlú.